Bí A Ṣe Ń Ṣètò Wáyà Iná fún Yàrá Tí A Fẹ́ Fi Kún Ilé

Ní Àkúrẹ́, pàápàá ní agbègbè FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, tí àwọn onílé ti ń kọ́ yàrá akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ìgbà tí bíríkìlà bá fẹ́ máa rẹ́ ògiri ni wọ́n sáábà ń ránṣẹ́ pe oníná. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Kí wọ́n tó to bọ́lọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé ni kí ètò iná ti wà lórí ìwé.

Ìwé ìṣirò ọmọ iléèwé, èyí tó ní àpótí kéékèèké, ti tó. Ẹ ya yàrá kọ̀ọ̀kan sí i, kí ẹ fi àmì sí ibi tí gílóòbù, fáànù, súìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì máa wà. Ẹ lo pẹ́ńsù, torí pé ẹnìkan nínú ilé á ṣì yí ipò fìríìjì padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ohun tí yóò máa lo iná. Ẹ fi 230, ìyẹn volt iná ilé, pín watt rẹ̀, iye amp (A) tó ń fà ló máa jáde. Kẹ́tùlù 2000W ń fà tó 9A, áyọ́ọ̀nù 1200W ń fà tó 5A. Gílóòbù LED 9W kò tó ohun tí à ń sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi yàrá náà háyà, ẹ ka ohun tí ayálégbé máa gbé wá, kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin ń lò. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé sítóòfù oníná kò gbọdọ̀ wọlé. Síbẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa fi í pamọ́ sí.

Pípín iná yàrá sórí búrékà kò le. Wáyà 1.5mm lórí búrékà 10A fún iná àti fáànù. Wáyà 2.5mm lórí búrékà 20A fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, yàrá kan, búrékà kan. Ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi, kí kálukú ní wáyà 4mm àti búrékà tirẹ̀. Èmi kì í pa iná àti sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ sórí búrékà kan. Bí kẹ́tùlù bá já búrékà, kò yẹ kí yàrá ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni bí ẹ bá ra inverter lọ́la, iná nìkan ni ẹ ó yọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láìfọ́ ògiri.

Ibi tí iná yóò ti wá

Ibí yìí ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Oníná á dé, á wo sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀ tó fara ti ògiri tuntun, á ní, "Dádì, ibí náà la ó ti fà á, kò ní jẹ wáyà púpọ̀." Ẹ má gbà fún un.

Wáyà 2.5mm tó wà nínú ògiri yẹn ti ń gbé tẹlifíṣọ̀n, fìríìjì àti áyọ́ọ̀nù pálọ̀. Bí ẹ bá tún gbé kẹ́tùlù méjì lé e, búrékà á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n á wá yọ búrékà 20A, wọ́n á fi 63A sí i, kò ní já mọ́, gbogbo ilé á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ oníná. Ṣùgbọ́n nítorí wáyà ni búrékà ṣe wà níbẹ̀, kì í ṣe nítorí kẹ́tùlù. Wáyà tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20A lọ nínú páìpù, tí búrékà rẹ̀ ń dúró de 63A, òun fúnra rẹ̀ ló máa di fíúsì, lókè àjà níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé.

Ti pé iná ń rẹ̀ lójú ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Bí 30A bá ń gba inú wáyà 2.5mm fún mítà 20, nǹkan bí volt 11 ló ń ṣòfò. Lórí wáyà 10mm, kò pé 3. Ní alẹ́ tí iná fúnra rẹ̀ ti rẹ̀, volt 11 yẹn lè mú kí fìríìjì máa kùn láìgbéra.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí: kí láìfù 10mm (wáyà tó ń gbé iná wá), núútírà 10mm (èyí tó ń dá a padà) àti ẹ́ẹ̀tì (èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀) jáde láti inú àpótí búrékà àgbà, lórí búrékà 40A, kí wọ́n lọ tààrà sí àpótí búrékà kékeré nínú yàrá tuntun. Èmi máa ń ra àpótí tí ihò méjì yóò ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ṣéńjì-ófà, ìyẹn súìṣì tí a fi ń yí ilé láti iná ìta sí jẹnẹrétọ̀, ni kí ẹ ti mú un, kí jẹnẹrétọ̀ lè dé ibẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ yín bá kéré, ẹ pa búrékà 40A náà kí ẹ tó tan án.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yá núútírà yàrá àtijọ́ lò fún tuntun. Ẹ ó pa búrékà, ẹ ó rò pé wáyà ti kú, núútírà tí wọ́n yá yẹn á ṣì máa gbé iná yàrá kejì, ọwọ́ ẹni tó bá tú u ló máa sọ fún un.

Ẹ wo ojú mítà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá kọ 5(60)A sí i, 60A ni òpin gbogbo ilé, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Bí àròpọ̀ yín bá ń súnmọ́ ọn, ẹ lọ bá BEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, sọ̀rọ̀ féèsì mẹ́ta (ọ̀nà iná mẹ́ta dípò ẹyọ kan) kí ẹ tó da ìpìlẹ̀. Ìsopọ̀ inú àpótí àgbà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ iná, fún ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ́ẹ̀tì, páìpù àti wáyà

Àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Àkúrẹ́. Bí ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ láti wọlé, wọ́n á fẹ́ gé e kúrú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò gbọọrọ, ẹ tẹ́ kọ́pà sínú rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, torí pé ẹ́ẹ̀tì kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti gbẹ. Èédú dára níbẹ̀. Iyọ̀ ń jẹ kọ́pà, èmi kì í fi í sí i. Ẹ fi búrékà 30mA tó ń mọ̀ bí iná bá ń jò sí ọ̀nà sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ti ẹ̀rọ omi gbígbóná.

Wáyà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ni mo máa ń rà. Ẹ bó orí rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bí inú bá funfun, kì í ṣe kọ́pà. Ti 2.5mm tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n ní ìbú, yẹ kó tó 1.78mm.

Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ẹ fi bébà àpò sìmẹ́ńtì dí ẹnu gbogbo páìpù. Kò sídìí láti ra irin ìfàwáyà; wáyà tí àwọn onírin fi ń di irin ń ṣe é, ẹ fi ọṣẹ olómi díẹ̀ kún un. Ẹ fi fóònù ya ògiri kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú páìpù rẹ̀, kí ẹni tó máa kan ìṣó kọ́tíìnì lè mọ ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá ti so ó tán, ẹ kọ orúkọ yàrá sára búrékà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù bò ó, torí pé yíǹkì nìkan kì í pẹ́ pa rẹ́.