Bí mo ṣe lẹ àwọ̀ igi sínú Camry Big Daddy ní Ìjẹ̀bú-Òde

Camry tí a ń pè ní Big Daddy, èyí tó jáde láàárín 2002 sí 2006, oríṣi XLE rẹ̀ ní àwọ̀ igi nínú láti ilé-iṣẹ́ wá. Oríṣi LE kò ní in, ike eléérú lásán ni wọ́n fi parí tirẹ̀. LE 2005 ni tèmi. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni mo ṣe: ọ̀kan tó yí rédíò àti ẹ́síì ká, ọ̀kan tó yí jíà ká, àti mẹ́rin tí súwíìṣì wíńdò jókòó sí lára ilẹ̀kùn. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Tí a bá yọ àkókò tí nǹkan fi ń gbẹ kúrò, wákàtí mẹ́jọ ni, títú, fífọ̀ àti híha ló sì gba márùn-ún nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé lílẹ̀ ni iṣẹ́ yìí, òun ni sítíkà rẹ̀ máa ń ṣí létí kí oṣù kan tó pé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà ní igi nínú ọkọ̀. Igi gidi ni àkọ́kọ́: kí wọ́n bó igi bí ọ̀gànwó kó fẹ́lẹ́ ju káàdì ATM lọ, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, kí wọ́n wá fọ́n fáníìṣì lé e lórí léraléra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nínú ọkọ̀ olówó ńlá. Mi ò gbà yín nímọ̀ràn láti dán an wò lórí ike Camry, nítorí ike a máa fẹ̀ nínú oòrùn ju igi lọ, nígbà tí ìsàlẹ̀ bá sì ń fẹ̀ tí òkè kò bá a lọ, fáníìṣì ni yóò kọ́kọ́ là. Èkejì ni àwọn ègé tí wọ́n ti gé sílẹ̀ láti òkè òkun, tí wọ́n da oje líle dídán bò lójú. Wọ́n rọrùn, ẹ kò ní tú ohunkóhun, ṣùgbọ́n wọ́n nípọn, etí wọn hàn, wọn kì í sì í tẹ̀ bá ibi tó bá rọ́ kọ́rọ́. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ béèrè dáadáa pé ṣé ti ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì ni. Láti ọjọ́ 2 oṣù Igbe 1972 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún títì. Ègé tí wọ́n gé fún ọkọ̀ Ìlú Ọba kò lè bá tiwa mu. Ẹ̀kẹta ni sítíkà aláwọ̀ igi tí a fúnra wa máa gé. Òun ni mo yàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni yíyan sítíkà fúnra rẹ̀. Èyí tí àwọn káfíńtà ń lẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní ìlà igi ńlá-ńlá, nítorí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá gé e sórí pánẹ́ẹ̀lì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan àbọ̀ lọ, ìlà méjì péré ni yóò hàn, ojú á sì mọ̀ pé bẹ́bà ni. Ẹ wá èyí tí ìlà rẹ̀ tínrín tó sún mọ́ra. Ẹ ṣí igun kan wo ẹ̀yìn rẹ̀: èyí tó dáa ní ìlà tínrín-tínrín bí àwọ̀n lára gọ́ọ̀mù rẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹ ká igun náà pọ̀, kí ẹ tún nà án. Bí funfun bá yọ lójú ibi tí ẹ ká, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ní ti àwọ̀, mo mú èyí tó jọ ọ̀gànwó, pupa dúdú tí kò dán gbinrin. Èyí tó ń dán a máa ta oòrùn padà sójú awakọ̀, gbogbo ìka tó bá kàn án ló sì ń hàn. Ẹ gbé e jáde sínú oòrùn kí ẹ tó sanwó, torí iná ṣọ́ọ̀bù máa ń parọ́ àwọ̀.

Ọjà Ládipọ̀ ní Mushin ni mo ti rà á. Ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 122, mo sì gé mítà kan àbọ̀. Mítà kan tó fún pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, àmọ́ ẹ kò lè máa yí ègé síhìn-ín sọ́hùn-ún kó lè gbà, nítorí ìlà igi àwọn pánẹ́ẹ̀lì tó jọ wà pọ̀ gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ̀nà kan náà. Mo jẹ́ kí ti ilẹ̀kùn sùn láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ti rédíò àti jíà sì lọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Àwọn nǹkan yòókù: isopropyl alcohol (ọtí tí a fi ń nu ọ̀rá kúrò) ìdajì lítà, sáńpépà 320 àti 400, 3M Primer 94 (oje tí a ń kùn kí sítíkà lè di ike mú) kékeré kan, bíléèdì tuntun mẹ́wàá, àti kílíìpù ike méjìlá fún ìpààrọ̀.

Ẹ gbé ọkọ̀ sínú oòrùn fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó tú nǹkan kan, torí ike tó gbóná a máa tẹ̀, ike tútù ni í ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ tẹ búréèkì, ẹ fa jíà kúrò ní P sísàlẹ̀, ẹ fa hándì-búréèkì, ẹ fi òkúta di táyà níwájú àti lẹ́yìn. Iná bátìrì ló ń tú jíà sílẹ̀ kúrò ní P. Bí bátìrì bá ti jáde, ó lè há síbẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò sì ní ráyè jáde. Ẹ sọ wíńdò kan kalẹ̀ pẹ̀lú. Sípánà 10 ni mo fi tú orí òdì bátìrì. Toyota ní kí a dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú-àáyá 90 kí agbára tó ṣẹ́kù sínú airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú nígbà ìjàǹbá) tó tán. Èmi dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, torí wáyà rẹ̀ wà nítòsí ibi tí a fẹ́ fọwọ́ bọ̀.

Mi ò fi sùkúdíráfà yọ pánẹ́ẹ̀lì kankan. Ọparun ni mo gbẹ́, méjì, fífẹ̀ ìka méjì, mo fá etí rẹ̀ kó fẹ́lẹ́. Ọparun kì í ha ike lára, kò sì nílò kí ẹ lọ ra irinṣẹ́ òyìnbó. Lórí tèmi, orí jíà ń yí kúrò bí ìdérí ìgò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì jíà gbé sókè, kí ti rédíò tó tẹ̀lé e. Ẹ má fà á jáde tagbáratagbára: wáyà súwíìṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò bí wáyà ṣe wọlé, ẹ tẹ ahọ́n ike orí rẹ̀ kó tó jáde, ẹ má sì di wáyà fúnra rẹ̀ mú. Ti ilẹ̀kùn ń ṣí láti ẹ̀yìn wá síwájú. Mo tú súkúrù tó di súwíìṣì mọ́ ọn, mo kó súkúrù ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀. Kílíìpù mẹ́ta ló ṣẹ́. Ọkọ̀ tó ti pé ogún ọdún nínú oòrùn, ẹ má retí pé gbogbo rẹ̀ á jáde láàyè.

Fífọ̀ ló kàn, ọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń fọ́n òróró dídán sí dáṣíbọ́ọ̀dù, sílíkóónì ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Gọ́ọ̀mù kì í di sílíkóónì mú. Sítíkà á lẹ̀ lónìí, á tún lẹ̀ lọ́la, tí oòrùn bá mú un lẹ́ẹ̀mẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Omi gbígbóná àti ọṣẹ olómi ìfọbọ́ ni mo fi fọ pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọ inú igun rẹ̀. Lẹ́yìn tó gbẹ, mo fi aṣọ kan pa alcohol sí i, mo sì fi aṣọ gbígbẹ mìíràn nù ún kúrò kí alcohol náà tó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀, ọ̀rá tó tú ni yóò padà sùn sójú kan náà. Ẹ wá ta omi díẹ̀ sí i. Bí omi bá tẹ́ lọ gbẹrẹ, ó ti mọ́. Bí ó bá ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ tún un fọ̀. Ti ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ̀ ọ́.

Ẹ fọ̀ kí ẹ tó ha o. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á, ẹ̀ ń tẹ òróró yẹn wọnú ojú ibi tí ẹ ha ni.

Pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn ní ojú gbáragbàra bí awọ. Orí góńgó rẹ̀ nìkan ni gọ́ọ̀mù á kàn, afẹ́fẹ́ á wà nínú kòtò, bí a bá sì lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, góńgó yẹn á hàn láti abẹ́ igi bí ara ọ̀pọ̀lọ́. Mo fi 320 àti omi ha á títí tó fi tẹ́jú, mo fi 400 parí rẹ̀, mo fi fílà ike, ìyẹn oje tí a fi ń dí kòtò, dí ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti ha kí n tó fi 400 gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ pa ojú dé kí ẹ fi ìka tọ́ ọ: ohun tí ìka bá gbọ́, sítíkà á gbé e jáde.

Oṣù Okúdù ni, Ìjẹ̀bú ń múra Iléyá àti Ojúde Ọba, òjò sì ń rọ̀. Eruku kò pọ̀ bíi ti ọyẹ́, ìyẹn dára, àmọ́ omi kì í tètè kúrò nínú igun pánẹ́ẹ̀lì. Mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì lábẹ́ fáànù nínú yàrá, mo wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má gbéra, n kò sì jẹ́ kí fáànù ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ń lẹ̀ ẹ́.

Ní ti gígé, páálí ni mo kọ́kọ́ fi ya àwòrán pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹ̀yìn sítíkà ni ẹ máa fa ìlà sí, nítorí náà ojú páálí gbọ́dọ̀ dojú délẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti ọwọ́ ọ̀tún á di ti òsì. Ègé kan bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ kún gbogbo etí.

Mo bó ẹ̀yìn rẹ̀ ní fífẹ̀ ìka mẹ́ta, mo gbé e lé àárín pánẹ́ẹ̀lì, mo wá ń fa bébà ẹ̀yìn jáde díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń fi káàdì ATM àtijọ́, tí mo fi aṣọ síńgílẹ́ẹ̀tì wé, tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Ẹ má fà á. Sítíkà tí a fà a máa rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Oòrùn tó bá kọ́kọ́ mú un dáadáa á sún un padà, etí á sì ṣí. Ìlà igi náà á tún tẹ̀ wọ́rọ́kọ́. Níbi tó bá rọ́, ẹ fi ooru rọ̀ ọ́ láti jìnnà bí ìbú ọwọ́ kan títí yóò fi dẹ̀ bí ewé ẹ̀bìrìpò tí a fi ra iná, ẹ wá jẹ́ kó sùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru (heat gun) tí mo lò ń jẹ iná 1,800 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré I pass my neighbour kò lè gbé e.

Mo kun Primer 94 sẹ́yìn etí nìkan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo jẹ́ kó gbẹ kí n tó ká sítíkà lé e. Bí ẹ bá kùn ún sójú, kò ní ṣeé tún gbé mọ́ tó bá wọ́. Mo gé ohun tí mo ká sẹ́yìn ku mìlímítà mẹ́wàá. Ní igun tó yọ síta, mo gé e ní ìrísí V kó má baà pọ̀ léra. Ní igun inú, mo gé e wá ku mìlímítà méjì kó dé etí, ooru ló mú ìyókù wọlé. Gígé tó bá dé etí gan-an, ike eléérú á yọjú níbẹ̀, kò sì sí àtúnṣe àfi kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ihò súwíìṣì ní òfin tirẹ̀. Sítíkà yìí nípọn ìdá méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí ẹ bá ká a wọnú ihò lápá méjèèjì, ihò á fún ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, ó sì tó láti mú bọ́tìnnì há. Wíńdò tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá há lè máa gòkè fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ ọmọdé bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Nítorí náà mo gé e ní etí ihò, mo tún fà á sẹ́yìn díẹ̀, mo fi bíléèdì tuntun ṣe ihò kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo tún fi ooru gba gbogbo etí, títí dé nǹkan bíi 95°C, kí sítíkà gbàgbé bó ṣe wà. Òṣùwọ̀n ooru oníná pupa ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má lo èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí nígbà Kòrónà, ooru ara nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà. Ẹ máa mi ọwọ́, torí ike náà a máa rọ̀ tí ooru bá dúró lójú kan.

Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí n tó dá wọn padà. Ẹ so wáyà, ẹ so bátìrì, ẹ dán iná hazard, ẹ́síì àti wíńdò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò kí ẹ tó tẹ kílíìpù wọlé pátápátá, ẹ sì rí i pé iná airbag kú lẹ́yìn tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Mi ò fọwọ́ kan àárín sítíárìn, mi ò sì lẹ nǹkan kan mọ́ òkè ibi tí airbag èrò iwájú wà. Ike yẹn gbọ́dọ̀ ya bí wọ́n ṣe ṣe é kó ya.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti jókòó sínú oòrùn, ẹ fi èékánná tọ́ gbogbo igun wò. Èyí tó bá fẹ́ gbéra, ooru díẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ tó. Aṣọ tí ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa ni kí ẹ máa fi nù ún, kí ẹ sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń fọ ọkọ̀ yín kó má fọ́n òróró dídán yẹn síbẹ̀ mọ́, torí yóò ti etí wọlé.