Wọ́n Fọ Gíráńdà Kọfí Pa: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtọ́jú Rẹ̀

Ní Ilé-Ifẹ̀, gíráńdà kọfí, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń lọ hóró kọfí, kì í ṣe ohun tí ẹ máa bá ní gbogbo ilé. Ẹ lè rí i lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, àti nílé àwọn òbí tí ọmọ wọn fi ránṣẹ́ sí láti òkè òkun. Nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n, kò sí ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìwé tó bá a wá nínú páálí, orí fíríìjì ló ń sùn. Bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní ó ti gbó. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbó o. Fífọ̀ ni wọ́n fọ̀ ọ́ pa.

Oríṣi méjì ló wà, ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Elábẹ ni àkọ́kọ́: ife kékeré kan, abẹ kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ tẹ ìdérí, abẹ á máa yí. Eléyín ni ìkejì: eyín méjì, ti irin tàbí ti tánganran, dojú kọra, kọfí ń gba àárín wọn kọjá, bí ẹ̀rọ ata ọjà ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́. Ohun tó tọ́ fún ọ̀kan lè ba èkejì jẹ́.

Omi lọ́tùn-ún, ọṣẹ lósì

Ọwọ́ wa ti mọ́ omi jù. Ìkòkò, abọ́, blẹ́ńdà ata, gbogbo wọn la ń tì sábẹ́ omi. Nítorí náà, ẹni tó bá rí i pé gíráńdà òun ti dọ̀tí, kànìnkànìn ló máa kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n ife blẹ́ńdà ń yọ kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Ti ọ̀pọ̀ gíráńdà elábẹ kì í yọ. Ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ rẹ̀ tààrà, ọ̀pá tó gbé abẹ ló gba ìdí ife kọjá lọ sísàlẹ̀. Ibi tí ọ̀pá yẹn gbà náà ni omi ń gbà. Omi díẹ̀ tí ẹ dà sí i, tí ẹ ní kí ó kàn fi yí lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ti tó láti ba bíárìn, ìyẹn ohun tí ọ̀pá náà ń yí nínú rẹ̀, jẹ́, kí ó sì dé ara kọ́yìlì, wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ́ńjìnnì. Sísá a sóòrùn kò sì tún un ṣe: òde á gbẹ, omi á ṣì wà nínú, ike á sì lọ́.

Eléyín ńkọ́? Eyín irin máa ń dípẹtà. Tánganran kì í dípẹtà, ẹ lè fi omi ṣàn án bí ìwé rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó bá já bọ́ lórí sìmẹ́ńtì, ó parí nìyẹn. Èyíkéyìí tí ẹ bá fọ̀ nínú wọn, ẹ má dá a padà sínú ẹ̀rọ àfi bó bá gbẹ tán. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Lójú tèmi, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré, tuntun, tí kò tíì kan ọ̀dà rí, dára ju èyí tí wọ́n ń fi sínú páálí ẹ̀rọ lọ. Ẹ dojú ife kodò, ẹ fọwọ́ gbá ìdí ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, ẹ gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ dà nù, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tọ abẹ́ abẹ àti gbogbo kọ̀rọ̀. Aṣọ tó rin díẹ̀ lè tẹ̀ lé e, kí èyí tó gbẹ sì tẹ̀ lé ìyẹn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ; itọ́ á bá a lọ, ìyẹ̀fun á sì wọ̀ yín lójú. Àwọn kan tiẹ̀ ń gbé e lọ bá fọkanáísà kí ó fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ inú tánkì yẹn máa ń ní omi nínú, nígbà mìíràn ó ní ọ́ìlì, ẹ wá lọ ń kó o sínú ohun tí ẹ fẹ́ mu.

Iná lọ, ẹ kò yọ ọ́

Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Iná lọ níbi tí ẹ ti ń lọ kọfí lọ́wọ́. Ẹ ṣí i, ẹ ní kí ẹ fi àsìkò náà nu abẹ. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé àfi kí ẹ tẹ ìdérí kó tó yí, ìyẹn sàn díẹ̀. Èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ máa ń dúró síbi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí, ìgbà tí iná bá dé ló máa rántí iṣẹ́ rẹ̀, ìka yín ló sì máa bá níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì pátápátá.

Ata, ẹ̀gúsí, edé

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí ẹ má lọ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀, ẹ ò ní gbà. Ta ni yóò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé tí kò ní wo ata gígbẹ lójú? Ẹni tó ní elábẹ lè ṣe é, bó bá lè fara mọ́ ohun tó máa gbẹ̀yìn rẹ̀. Òórùn ata àti edé máa ń wọ inú ike ìdérí àti rọ́bà tó yí i ká, kò sì sí nínù tó ń yọ ọ́ tán. Ẹ̀gúsí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí epo rẹ̀: ó ń lẹ̀ pọ̀ mọ́ abẹ́ abẹ, ẹ́ńjìnnì á máa jìjàkadì. Àlejò tí ẹ bá gbé kọfí fún á dákẹ́ ni, kò ní sọ fún yín pé òun ń gbọ́ òórùn edé. Ẹ kúkú ra elábẹ kejì, kí ẹ kọ ATA gàdàgbà sí i lára. Ẹni tó ní eléyín, kí ó má tiẹ̀ dán an wò.

Kọfí fúnra rẹ̀ ní epo. Èyí tí wọ́n bá yan dúdú gan-an, ẹ máa rí i tó ń dán lára hóró rẹ̀. Epo yìí ló ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, tí ìyẹ̀fun ń lẹ̀ mọ́ òun náà, tó bá sì pẹ́ níbẹ̀, á máa rùn bí òróró àkàrà tí wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó bá ń sọ pé kọfí tí òun rà kò dára, kí ó kọ́kọ́ fi imú sí ẹnu gíráńdà rẹ̀. Bí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a lójoojúmọ́, kí ẹ sì tú eyín rẹ̀ gbá dáadáa ní bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Ìmọ̀ràn ìrẹsì

Wọ́n máa ń ní kí a bu ìrẹsì tí a kò sè sí i kí ó lè fa òórùn àti epo jáde. Fún elábẹ, ó ń ṣiṣẹ́: ẹ̀kúnwọ́ kan, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ẹ dà á nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Fún eléyín, ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀. Ó le ju kọfí tí wọ́n ti yan lọ, ó lè há sáàárín eyín, kí ẹ́ńjìnnì sì gboná sódì. Oògùn oníhóró wà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an; ẹni tí kò bá rí i, kí ó lọ kọfí olówó pọ́ọ́kú díẹ̀ kọjá nínú rẹ̀, kí ó sì dà á nù.

Iná òkè òkun àti iná ilé

Kí ẹ tó ki ẹ̀bùn ọmọ yín bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì. 230 ni tiwa. Pípààrọ̀ púlọ́ọ̀gì kò yí ìyẹn padà, èéfín ni ẹ máa rí. Tíránsífọ́mà tó ń dín iná kù ló nílò, kí wáàtì tíránsífọ́mà náà sì ju ti gíráńdà lọ. Èyí tó bá ti Ìlú Ọba wá kò níṣòro yẹn.

Iná tí kò lágbára náà ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ á máa kùn, kò ní yí. Kíkùn yẹn, kọ́yìlì ló ń jó lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ dúró de iná gidi tàbí jẹnẹrétọ̀. Kódà bí iná bá dára, ẹ má jẹ́ kí elábẹ máa yí lọ láìdúró: ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ sinmi díẹ̀, kí ó má kọjá nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tó gboná ń ba adùn kọfí jẹ́ pẹ̀lú.

Fún àwọn eléyín

Bí ẹ bá fẹ́ kí kọfí kúnná sí i, ìgbà tí ẹ̀rọ ń yí lọ́wọ́ ni kí ẹ fún eyín pọ̀. Bí ẹ bá fún un nígbà tó dúró, tí hóró wà láàárín, á há. Kọfí tó wá láti agbègbè Kàbà, tí àwọn kan ń yan fúnra wọn nílé, ẹ tẹ́ ẹ sórí atẹ kí ẹ ṣà á dáadáa. Òkúta kékeré kan péré lè kán eyín. Ẹ má sì ta ọ́ìlì sí ibikíbi tí kọfí ń gbà.

Nígbà tí ẹ bá ń to eyín padà, ẹ gbá ojú ibi tó ń jókòó sí kí ó mọ́ kedere. Bí ìyẹ̀fun díẹ̀ bá kù lábẹ́ rẹ̀, kò ní jókòó déédéé, ẹ máa gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀, kọfí á sì máa jáde ní hóróhóró pọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú. Ẹ de bóòtù rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ lọ ìwọ̀nba kọfí kan, kí ẹ sì da ti àkọ́kọ́ yẹn nù.