Bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe padà so mọ́ ètò ímeèlì

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a fà á. Àdìrẹ ni mò ń tà láti Bódìjà, lórí WooCommerce, àfikún tó ń sọ sáìtì WordPress di ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ kí ímeèlì àwọn oníbàárà máa wọ inú ètò tí mo fi ń kọ̀wé sí wọn, àmọ́ bí mo bá ti tẹ Connect, 404 (pé kò rí ojú ìwé náà) ló ń gbé jáde.

Mo yọ plugin, ìyẹn àfikún tó ń so méjèèjì pọ̀, mo tún fi í sí. Mo ṣe API key tuntun, kọ́kọ́rọ́ tí ètò kan fi ń wọ inú òmíràn, mo fún un ní àṣẹ Read/Write (kíkà àti kíkọ). Pàbó. Mo tiẹ̀ ti ń bú dátà mi.

Àṣé ọwọ́ ara mi ni. Mo fi /wp-json/, ojú ọ̀nà tí API ń gbà, sí ìdí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi, kò ṣí. Mo wọ Settings nínú WordPress, mo tẹ Permalinks, ibi tí a ti ń yan bí àdírẹ́sì àwọn ojú ìwé ṣe máa rí: Plain ni mo fi í sí látìbẹ̀rẹ̀, API WooCommerce kì í sì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo yí i sí Post name, mo tẹ Save Changes. Mo tún ṣí /wp-json/, ọ̀rọ̀ wẹẹrẹwẹẹrẹ kún ojú fóònù. Connect gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ímeèlì ẹ̀gbọ́n mi ra aṣọ kan dán an wò. Orúkọ rẹ̀ yọ síbẹ̀ kí iná tó lọ.

Bí tìẹ bá ti wà ní Post name tẹ́lẹ̀, nǹkan mìíràn ló ń ṣe é.