Ọ̀kadà ọ̀nà jíjìn: ẹ̀yìn tó ń ro, ọwọ́ tó ń kú, ẹ́ńjìnì tó ń mí hẹlẹ lórí òkè

Kàbà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àwọn oníbàárà mi kì í ṣe àwọn tó ń gbé èrò láàárín ìlú nìkan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn lọ Lọ́kọ́ja, Ẹ̀gbẹ̀, àní títí dé Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti náwó sí i tán kí wọ́n tó gbé e wá. Díẹ̀ lára ohun tí wọ́n bi mí nìyí, àti èsì tí mo fún wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mẹkáníìkì. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Oṣooṣù ni mò ń gun Boxer 150 mi lọ wo àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Ìlọrin. Kí n tó dé Ìsánlú, ìbàdí á ti máa ro mí. Mo pààrọ̀ ìjókòó sí èyí tó nípọn, ńṣe ló tún le sí i. Ṣé kí n kúkú ra ṣọ́ọ̀kì tuntun?

Ìdáhùn: Òkun o, Bàbá. Ẹ fi owó yín sápò ná. Téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ni ká kọ́kọ́ wá.

Ẹ gbé ọ̀kadà náà dúró lórí sítáńdì ńlá, kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti nọ́ọ̀tì àárín wíìlì ẹ̀yìn lọ sí ibi kan tí kì í yẹ̀ lábẹ́ ìjókòó, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀ (ṣọ́ọ̀kì tíṣà ni mo wí o, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n). Ẹ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ di ẹrù yín sí i bí ẹ ṣe máa ń dì í, ẹ jókòó, kí ẹlòmíràn tún un wọ̀n. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 tẹ́lẹ̀, tó wá di 47, a jẹ́ pé ó wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 3. Tí gbogbo ìrìn ṣọ́ọ̀kì náà bá tó 10, ibi tí a fẹ́ kó wà nìyẹn: láti ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìn rẹ̀. Tó bá wọlé ní 1 péré, ó ti le jù, gbogbo òkúta ọ̀nà ni yóò máa ta yín nípàá. Tó bá wọlé ní 5, ó ti rọ̀ jù, kòtò kan ṣoṣo á jẹ́ kó kàn gbà, egungun ẹ̀yìn yín ni yóò sì gbà á.

Tiyín, nígbà tí ẹ gbé e wá, 1 ló jẹ́. Ẹni tó ni ín kó tó dọ́wọ́ yín ti yí òrùka ìdí sípíríǹgì dé ìpele tó kẹ́yìn, bóyá àpò kajú ló ń fi kó. Mo dá a padà sí ìpele kejì, lápá òtún àti lápá òsì bákan náà. Wọn kò gbọdọ̀ yàtọ̀ síra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀kadà á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Táyà náà dá sí i. Àwọn fọ́kanáísà wa fẹ́ràn kí wọ́n fẹ́ ẹ títí á fi le bí igi. Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tó yẹ wà nínú ìwé ọ̀kadà, tàbí lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná.

Ní ti ìjókòó, fóòmù bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi ṣe é fún yín. Ó máa ń rọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn wákàtí kan ẹ ti jókòó lé irin abẹ́ rẹ̀. Èmi náà ti jẹ ìyà yìí rí, mo gé fóòmù mátírẹ́ẹ̀sì ilé mi sí ti ara mi, ìyàwó mi kò tíì dárí jì mí. Fóòmù líle ni kó wà nísàlẹ̀, kí èyí tó rọ̀ tín-ínrín wà lókè, kí ìjókòó fẹ̀ lẹ́yìn, kó sì tẹ́ gbalaja. Èyí tó bá dà gẹ̀rẹ́ síwájú, á máa ti yín lọ bá táǹkì, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ ti ara yín padà títí ẹ ó fi dé Ìlọrin.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, tí mo bá gùn ún fún bí ogójì ìṣẹ́jú, ọwọ́ mi méjèèjì á kú. Mi ò ní mọ̀ bóyá mo di búréèkì mú.

Ìdáhùn: Àbúrò, lọ fi sípánà kan àwọn bóòtì tó di ẹ́ńjìnì mú mọ́ fíréémù. Bí ọ̀kan bá ti dẹ̀, gbogbo gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì á gba hándù wọ ọwọ́ rẹ. Tí wọ́n bá le dáadáa, jókòó bí o ṣe máa ń jókòó, kí o na ìka sórí ọwọ́ búréèkì. Ó yẹ kí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ àti apá rẹ wà lórí ìlà kan. Tí ọrùn ọwọ́ bá ká sókè, tú hándù, yí i sísàlẹ̀ díẹ̀. Má gbé hándù gíga sí i láìwo wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti ti tọ́rọ́tù (èyí tí a fi ń fún ẹ́ńjìnì ní epo) o. Tí wáyà bá kúrú, tí o bá yí hándù tán, ẹ́ńjìnì á ké fúnra rẹ̀. Irin kékeré tó wúwo ní ẹnu hándù méjèèjì máa ń dín gbígbọ̀n kù, kò sì wọ́n.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, mo yọ fíltà afẹ́fẹ́, mo lu inú sàlẹ́ńsà, mo sì fi irin eléyín iwájú tó ń fa ṣéènì, èyí tó ní eyín 16, rọ́pò eléyín 14 kó lè máa sáré. Ó ń dún bí ẹ̀rọ òfurufú, ṣùgbọ́n kò lè gun òkè ọ̀nà Ogidi mọ́, ó sì ń gbóná.

Ìdáhùn: Ohun mẹ́ta lo ṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bá ẹ jà.

Eyín ẹ̀yìn tìẹ jẹ́ 42. Pín in sí 14, ó jẹ́ 3. Pín in sí 16, ó di 2.6 àti díẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára tó fi ń fa òkè lo ti tà. Ẹ́ńjìnì kékeré kò ní àlékún tí yóò fi dí i. Gíyà kẹrin ni wàá máa lò níbi tí karùn-ún ti tó tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ olókè bíi tiwa, 13 ló yẹ kó máa wò, kì í ṣe 16. Á fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ lójú títì títẹ́jú á máa pariwo díẹ̀. Kàn rántí pé tí o bá pààrọ̀ eyín, ṣéènì náà ní láti jẹ́ tuntun, kí o sì fún un láàyè bíi sẹ̀ǹtímítà 3 láti máa fì sókè sódò.

Ti fíltà ló burú jù. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti wọn ihò epo inú kábúrétọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tó ń gba fíltà kọjá. O yọ fíltà, afẹ́fẹ́ pọ̀, epo kò pọ̀ sí i, iná inú rẹ̀ wá ń jó gbẹ. Tú plọ́ọ̀gì wò: tó bá funfun bí ẹfun, òun ló fa ooru yẹn. Àwọ̀ erùpẹ̀ gbígbẹ ló yẹ kó ní. Àti pé ìgbà ọyẹ́ ń bọ̀. Eruku pupa wa yìí bí yanrìn ló rí nínú sílíńdà, á máa fá rín-ìn-gì títí èéfín búlúù á fi máa jáde. Dá fíltà padà lónìí. Sàlẹ́ńsà, tí ariwo ló wù ẹ́, ìyẹn wà lọ́rùn ìwọ àti àwọn ará àdúgbò.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ni mí ní Mopa. Tí mo bá di àpótí oògùn sí ẹ̀yìn, iwájú ọ̀kadà máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, iná rẹ̀ sì ń tàn sórí igi.

Ìdáhùn: Àǹtí, àpótí yẹn ti kọjá ẹ̀yìn wíìlì, ó ń gbé iwájú sókè. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fà kẹ́ríà náà síwájú. Kí ẹ pín ẹrù sí báàgì méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kó wálẹ̀ dáadáa. Èyí tó wúwo jù ni kó sún mọ́ ẹsẹ̀ yín.

Ìbéèrè: Mo ra gíláàsì afẹ́fẹ́ gíga nítorí tírélà sìmẹ́ńtì ọ̀nà Obajana. Afẹ́fẹ́ kò kọ lu àyà mi mọ́, orí mi ló ń gbọ̀n báyìí.

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ tó fo gíláàsì yẹn ló ń wá já sí àṣíborí rẹ. Gé e títí ẹnu rẹ̀ á fi bá imú rẹ dọ́gba, kí o máa wo òkè rẹ̀ kọjá, kí o sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Má jẹ́ kó tì ẹ́ lójú pé ò ń gé nǹkan tuntun. Nígbà tí Honda gbé Gold Wing, ọ̀kadà ńlá rẹ̀ fún ọ̀nà jíjìn, dé ọjà ní 1975, ìhòòhò ló wá, kò ní gíláàsì, kò ní àpótí. Àwọn tó ń gùn ún ní Amẹ́ríkà ń ra Windjammer, ìbòrí afẹ́fẹ́ tí Craig Vetter ṣe, mọ́ ọn. Ó di 1980 kí Honda tó fi tiẹ̀ sára Gold Wing tó ń jẹ́ GL1100 Interstate. Àwọn náà gé, wọ́n lẹ̀.

Tí tírélà bá ń bọ̀, dín eré kù, kí o sì rọ ọwọ́ lórí hándù. Ẹni tó bá dì í mú pinpin ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń tì.

Ìbéèrè: Iná LED mẹ́rin tí mo so síwájú ń pa bátìrì.

Ìdáhùn: Tú méjì kúrò. Tó bá jẹ́ torí àtirìn lóru lo ṣe so wọ́n, mi ò ní bá ẹ so ó padà.