Bí mo ṣe sọ agolo mílíìkì Màámi di gíráàmù

Ṣínṣín tí Màámi ń dín, wọn ò kọ ọ́ síbì kankan. Fúláwà agolo 8, ṣúgà agolo 2, bọ́tà odidi kan, ẹyin 3, mílíìkì títí tí yóò fi ṣe é pò. Nílé wa n'Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé agolo wo: agolo mílíìkì kékeré tí wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Leeds fẹ́ dín in fún ìkómọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, agolo mílíìkì tó sì wọ́pọ̀ lọ́jà tiwọn, oní-410 gíráàmù ni. Mo ní kó fara balẹ̀, màá bá a wọ̀n ọ́n.

Mo kọ́kọ́ wo ohun tí agolo náà gbà. Mo gbé e ka síkéèlì, mo tẹ bọ́tìnì TARE kó padà sí òdo, mo rọ omi kún un dé etí: 170 gíráàmù. Gíráàmù omi kan, mìlílítà kan ni, nítorí náà agolo náà gba 170 mìlílítà. Omi nìkan ló rọrùn báyìí o. Afẹ́fẹ́ wà láàárín nǹkan gbígbẹ, ti fúláwà sì pọ̀ ju ti ìrẹsì lọ.

Mo bu fúláwà kún agolo, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba: 98. Lọ́nà mẹ́jọ, 784. Mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí mi ò rí i rí kí Màámi gé orí agolo. Ńṣe ni wọ́n ń fi orí sí i, bíi ti ìyá onígàrí tó fẹ́ kí oníbàárà padà wá. Mo gbé abọ́ ńlá ka síkéèlì, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bù ú fúnra wọn.

"Ṣé o fẹ́ máa tà á ni?"

"Rárá o, Mà. Ẹ ṣáà máa bù ú bí ẹ ṣe ń bù ú."

Wọ́n bu mẹ́jọ, síkéèlì ka 962. Ohun tó fi lé sí tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agolo méjì! Ẹni tó bá fi 784 pò ó, yóò rọ̀ jù, yóò sì mu epo yó.

Wọn kì í fi orí sí ṣúgà ní tiwọn: 291 fún agolo méjèèjì. Wọ́n ti kọ 250 sára bọ́tà. Ẹyin tí a ti bó kúrò nínú èèpo ń wọn bíi 50 lẹ́yọ kan. Ti mílíìkì ló gba ọgbọ́n, nítorí ojú ni Màámi fi ń wò ó. Mo wọn agolo rẹ̀ kí wọ́n tó máa dà á, mo tún wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n ṣe tán. 130 ló ti lọ.

Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kúkú sọ ọ́ ní ife fún mi." Mo kọ̀. Ife Amẹ́ríkà gba bíi 237 mìlílítà, ti Australia 250. Fúláwà tí èèyàn fi ṣíbí rọra bù sínú ife Amẹ́ríkà ń wọn bíi 120 sí 125 gíráàmù; bó bá ki ife bọ inú àpò, ó lè kọjá 140. Ọ̀rọ̀ orí agolo náà la tún padà sí yẹn.

Nọ́tímẹ́ẹ̀gì nìkan ni mo fi sílẹ̀ ní ṣíbí tíì kan. Síkéèlì mi ò mọ ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀: mo bù ú sí i, ó dúró sórí òdo, ó fò sí 2, ó tún padà sí 1.