Kẹ́ẹ tó gbé metal detector wọ páàkì ní England, ẹ ka èyí ná

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ó ti máa rí àwọn tó ń gbé ọ̀pá gígùn tó ní àwo rìbìtì nídìí kiri, wọ́n á fi nǹkan sétí, wọ́n á máa fì ọ̀pá yẹn lọ́tùn-ún lósì lórí ilẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí kó dé lọ́la, ẹnì kankan ò sì ní bi yín ní láísẹ́ǹsì, ohun tó ń tan àwa àlejò jẹ gan-an nìyẹn.

Èmi náà rà á fún ọmọ mi lọ́dún tá a dé, a gbé e lọ páàkì tó wà lẹ́yìn ilé. Ó ké píì lábẹ́ igi kan, a gbẹ́ ibẹ̀, ìdérí ìgò bíà la bá. A ti ń gbẹ́ ìkejì lọ́wọ́ kí ọkùnrin káńsù kan tó dé, ó mú wa lọ síwájú pátákó tó wà lẹ́nu géètì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé èèwọ̀ ni. Mo ní ṣebí ti gbogbo aráàlú ni páàkì, ó ní rárá o, káńsù ló nilẹ̀. Ojú tì mí níwájú ọmọ mi, ni mo bá lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Ní 1992, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Fletcher gbé ẹ̀rọ tiẹ̀ lọ Farnham Park ní Surrey, ó gbẹ́ ilẹ̀ bí íǹṣì mẹ́sàn-án, ó rí bróòṣì wúrà ayé àtijọ́, ìyẹn ohun ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń fi há aṣọ. Káńsù Waverley tó ni páàkì pè é lẹ́jọ́, adájọ́ àkọ́kọ́ dá Fletcher láre, àmọ́ Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní 1995, wọ́n ní ohun tó bá wà nínú ilẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín, àti pé àyè ká ṣeré ká gbafẹ́ ni wọ́n fún aráàlú ní páàkì, kì í ṣe àyè ká gbẹ́lẹ̀.

Torí náà ẹ kọ ímeèlì sí káńsù yín kẹ́ẹ tó lọ, kẹ́ẹ sì gba èsì wọn lákọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Ọ̀pọ̀ ló máa ní rárá. Hyde Park, Greenwich Park àtàwọn Royal Parks yòókù ò gbà á rárá, etídò Thames ní London náà, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ Port of London Authority, àjọ tó ń bójú tó odò náà, kódà tó bá jẹ́ ojú lásán lẹ fi ń wá nǹkan. Èyí tó léwu jù ni àwọn ibi àtijọ́ tí ìjọba dáàbò bò, torí òfin 1979 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti tan ẹ̀rọ yìí níbẹ̀ láìgba àṣẹ Historic England, àjọ tó ń bójú tó irú ibi bẹ́ẹ̀, bí onílẹ̀ tiẹ̀ gbà fún yín. Máàpù àwọn ibi náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Tẹ́ẹ bá wá rí nǹkan ńkọ́? Òfin Treasure Act ti 1996 ló wà fún England àti Wales. Ohun tó ti lé ní 300 ọdún, tí wúrà tàbí fàdákà inú ẹ̀ tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣúra ni, àmọ́ tó bá jẹ́ owó ẹyọ, ó gbọ́dọ̀ tó méjì lójú kan náà. Láti July 2023 wọ́n ti fi ohun onírin tó ti pé 200 ọdún tó sì ṣe pàtàkì gan-an sí ìtàn kún un. Ẹ ní ọjọ́ 14 láti fi tó coroner létí, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí bóyá ìṣúra ni, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Finds Liaison Officer ní agbègbè yín á bá yín ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Tí mùsíọ́mù bá rà á, ẹni tó rí i àti onílẹ̀ ló sábà máa ń pín owó náà sí méjì. Ẹni tó bá dákẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tó bá tún wá tà á, olè nìyẹn: àwọn méjì kan hú owó àti wúrà ayé Viking nítòsí Leominster ní 2015, wọ́n fi pa mọ́, wọ́n ń tà á díẹ̀díẹ̀, ọdún 2019 ni wọ́n dèrò ẹ̀wọ̀n. Ẹ rántí pé Home Office máa bi yín nípa irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́ẹ bá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú.

Scotland yàtọ̀ o, gbogbo ohun àtijọ́ téèyàn bá rí níbẹ̀, ti ọba ni, ẹ gbọ́dọ̀ kéde ẹ̀. Northern Ireland, láísẹ́ǹsì lẹ máa kọ́kọ́ gbà kẹ́ẹ tó gbẹ́lẹ̀ wá ohun àtijọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kàn mí. Ẹ rántí Ifẹ̀, ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ tí àwọn orí bàbà yẹn fi yọ, ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum títí dòní. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i. Báyẹn náà ló ṣe ń dun àwọn onílùú tí àlejò bá hú nǹkan wọn lọ.

Oko àgbẹ̀ kan lèmi àti ọmọ mi ń lọ báyìí, a fọwọ́ síwèé pẹ̀lú bàbá náà. A máa ń gé koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta ká ṣí i bí ìdérí, a ó da erùpẹ̀ sórí aṣọ, ká tún dá gbogbo ẹ̀ padà ká fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Oṣù tó kọjá, ọmọ yẹn rí kọ́bọ̀ bàbà ńlá kan tó wúwo lọ́wọ́, 1797 ni wọ́n kọ sí i. Ẹyọ kan ni, bàbà lásán ni, kì í ṣe ìṣúra. A ṣáà fi han àgbẹ̀, ó yí i lọ́wọ́ síwá sẹ́yìn, ó ní kí ọmọ mú un.