Ìbọn ọdẹ tó fúyẹ́: ẹ mọ iye tí gíráàmù kan ń ná yín kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá ti gbé ìbọn kìló mẹ́rin gun òkè láti àárọ̀ dọ̀sán mọ̀ pé ìwúwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, èjìká á máa ro ó, á máa pààrọ̀ ọwọ́, nígbà tí ẹran á bá sì fi yọjú, èémí á ti máa já. Torí náà mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ó ń wá ìbọn tó fúyẹ́. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ má fojú ra á, ìṣirò ni kẹ́ ẹ fi rà á, torí owó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, àwọn gíráàmù kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ lẹ máa rí i.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e

Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn máa ń kọ, ìbọn lásán ni wọ́n wọ̀n, kò sí sikóòpù (awò tí wọ́n fi ń wo ẹran tó jìnnà) lórí ẹ̀, kò sí okùn, kò sí ọta nínú ẹ̀. Ta ló ń gbé ìbọn báyẹn lọ sígbó? Ẹ kó ọta kúrò nínú ẹ̀, ẹ ṣí i wò lẹ́ẹ̀mejì kó dá yín lójú, kẹ́ ẹ wá gbé ìbọn náà pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń bá a rìn sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹrù, kẹ́ ẹ wọn ọta lọ́tọ̀. Ká ní ìbọn lásán jẹ́ kìló 2.9, sikóòpù gíráàmù 650, òrùka tó di sikóòpù mú 150, okùn ìgbékọ́ 150, ọta mẹ́rin bíi 100, ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n ń so síwájú ìbọn 350. Gbogbo ẹ̀ ti di kìló 4.3. Ẹni yẹn á máa sọ fáwọn èèyàn pé ìbọn òun ò tó kìló mẹ́ta, àmọ́ èjìká ẹ̀ mọ òótọ́.

Ẹ kọ ìwúwo nǹkan kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ń wo ìwé yẹn, ẹ máa rí i fúnra yín pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta tí kì í ṣe ìbọn rárá.

Owó gíráàmù kan

Ẹ mú owó tẹ́ ẹ máa fi kún un, ẹ pín in sí iye gíráàmù tó máa kúrò, iye tó bá jáde ni owó gíráàmù kan. Ká ní ìbọn mẹ́ta ló wà níwájú yín. Àkọ́kọ́ dọ́là 800, ó wọn kìló 3. Ìkejì dọ́là 1,500, kìló 2.7. Ìkẹta dọ́là 2,700, kìló 2.4. Láti àkọ́kọ́ bọ́ sí ìkejì, ẹ fi dọ́là 700 kún un kí gíráàmù 300 lè kúrò, ìyẹn dọ́là 2 àti sẹ́ńtì 33 lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Láti ìkejì bọ́ sí ìkẹta, gíráàmù 300 kan náà ló kúrò, àmọ́ dọ́là 1,200 ló gbà, gíráàmù kan ti di dọ́là mẹ́rin. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn o. Gíráàmù tó kọ́kọ́ kúrò kì í wọ́n, torí igi ìbọn (apá tó ń ti èjìká) tí wọ́n fi ike ṣe àti bárẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín, ìyẹn ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, ti tó láti ṣe é, àmọ́ tó bá ti ń lọ sí kìló 2.5 sísàlẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lo títáníọ̀mù (mẹ́táàlì fífúyẹ́ tó lágbára) àti kábọ̀n fáíbà (òwú kábọ̀n líle tí wọ́n lẹ̀ pọ̀), wọ́n á máa gbẹ́ irin kúrò díẹ̀díẹ̀ níbi tó le gbẹ́, iṣẹ́ àṣekára yẹn lẹ ń sanwó ẹ̀.

Ìbọn fífúyẹ́ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣá. Ọdún 1952 ni Winchester gbé Model 70 Featherweight jáde. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, Melvin Forbes ní West Virginia l'Amẹ́ríkà ń ṣe ìbọn tí kò ju nǹkan bíi kìló 2.3 lọ, ohun tó ṣe ni pé ó din ara irin ìbọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ń ki ọta sí lẹ́yìn bárẹ́ẹ̀lì, kù kó bá ọta kúkúrú mu, ó wá fi Kevlar àti graphite, àwọn òwú líle tó fúyẹ́, ṣe igi ẹ̀. Lóde òní, Tikka T3x Lite ò ju kìló mẹ́ta lọ, kì í sì í ṣe ìbọn olówó gọbọi, Kimber Mountain Ascent oní-ọta kúkúrú sì wà ní bíi kìló 2.2. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra nínú owó kẹ́ ẹ fi ṣe ìṣirò tiyín.

Ibi tí gíráàmù ti pọ̀ tí owó ò sì pọ̀

Sikóòpù ni mo máa kọ́kọ́ wò. Mo rí àwọn tó ra ìbọn olówó ńlá nítorí pé ó fúyẹ́, tí wọ́n wá gbé sikóòpù gàgàrà lé e lórí, èyí tó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 25, tí ojú iwájú ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 56, irú ẹ̀ lè wúwo ju gíráàmù 850 lọ. Sikóòpù 3-9x40 (tó ń fa nǹkan súnmọ́ ní ìlọ́po 3 sí 9, tí ojú iwájú ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40) tàbí irú ẹ̀ tó mọ níwọ̀n máa ń wà láàárín gíráàmù 350 sí 400, ó sì tó fún ẹran ńlá tó wà ní ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń yìnbọn, ìyẹn mítà 300 wálẹ̀. Ohun tó wá dùn nínú ẹ̀ ni pé sikóòpù kékeré yẹn sábà máa ń dínwó ju ńlá lọ, tó túmọ̀ sí pé gíráàmù 450 kúrò, owó sì tún padà sápò yín. Kò síbi kankan lára ìbọn tẹ́ ẹ ti lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí náà ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kódà kẹ́ ẹ tó ronú pé ẹ ń pààrọ̀ ìbọn.

Ẹ bojú wo òrùka náà. Tó bá jẹ́ irin ni, ẹ fi alumíníọ́mù rọ́pò ẹ̀, ká ní dọ́là 40 ló ná yín tí gíráàmù 90 sì kúrò, kò tó sẹ́ńtì 50 lórí gíráàmù kan. Ẹ sáà má fún ìdè ẹ̀ pọ̀ jù, iye agbára tí ẹni tó ṣe é kọ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, torí alumíníọ́mù ò lágbára bí irin. Okùn aláwọ fífẹ̀ náà lè di okùn ọ̀rá pẹlẹbẹ. Ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n ń so síwájú yẹn ńkọ́, ẹ tú u kúrò tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, báàgì ẹ̀yìn yín lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìbọn lélẹ̀.

Ọta ńkọ́? Ọta .30-06, irú ọta ìbọn ọdẹ kan tó wọ́pọ̀, ẹyọ kan ẹ̀ lódindi wúwo tó bíi gíráàmù 26. Ẹni tó kó ogún dání ti gbé ju ìdajì kìló lọ, ẹni tó kó mẹ́wàá ti din gíráàmù 260 kù láì ná kọ́bọ̀. Gíráàmù 260 yẹn, ìwúwo tí àwọn kan ń ná dọ́là 1,000 lé lórí nìyẹn o!

Igi ìbọn ló kàn

Igi ìbọn, ìyẹn apá tó ń ti èjìká títí dé ibi tí ọwọ́ iwájú máa ń gbé e, sábà máa ń tó gíráàmù 900 sí kìló kan tó bá jẹ́ pátákó tàbí oníke tó nípọn. Èyí tí wọ́n fi kábọ̀n fáíbà ṣe lè wà láàárín 450 sí 700. Ká ní dọ́là 600 lẹ ná, gíráàmù 350 kúrò, dọ́là 1 àti sẹ́ńtì 71 nìyẹn. Ó wọ́n ju òrùka lọ, àmọ́ mo fara mọ́ ọn ju títáníọ̀mù lọ, ìdí ni pé igi tó dáa máa ń le gbagidi, kì í tẹ̀ kó wá kan bárẹ́ẹ̀lì, torí náà owó yẹn ò lọ sórí ìwúwo nìkan, ó tún jẹ́ kí ọta máa lọ síbì kan náà. Ẹ kàn rí i pé oníke tiyín ò tíì fúyẹ́ tẹ́lẹ̀, torí àwọn oníke kan inú wọn ṣófo, ẹ lè sanwó tán kẹ́ ẹ rí i pé gíráàmù 150 péré ló kúrò.

Bárẹ́ẹ̀lì àti títáníọ̀mù

Ibí ni wọ́n ti ń mú èèyàn jù. Bárẹ́ẹ̀lì kábọ̀n, irin tín-ín-rín ló wà nínú ẹ̀, kábọ̀n ni wọ́n wé mọ́ ọn lára. Lóòótọ́ ó fúyẹ́ tẹ́ ẹ bá fi wé bárẹ́ẹ̀lì irin tó sanra bíi tiẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi wé bárẹ́ẹ̀lì irin tín-ín-rín tó wà lára ìbọn ọdẹ fífúyẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò fúyẹ́ jù ú, òmíràn á tún wúwo díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ bárẹ́ẹ̀lì tó sanra tí ò sì fẹ́ ìwúwo ẹ̀, kábọ̀n dáa fún un. Ẹni tó kàn fẹ́ ìfúyẹ́, irin tín-ín-rín ni kó rà, kó tọ́jú ìyókù owó ẹ̀.

Wọ́n tún lè gé bárẹ́ẹ̀lì kúrú. Íńṣì kan níwájú bárẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín ò ju nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 27 lọ, ọta irú .308 sì máa ń pàdánù bíi mítà 6 sí 9 nínú eré tó ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gígé íńṣì méjì ò ba nǹkan jẹ́, gíráàmù 50 péré náà ni, àmọ́ ìbọn á rọrùn láti gbé gba inú igbó kọjá, ìyẹn gan-an lèrè ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbọn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, torí ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, kẹ́ ẹ sì wo ohun tí òfin sọ nípa gígùn bárẹ́ẹ̀lì níbi tẹ́ ẹ wà.

Títáníọ̀mù wúwo tó bí ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo irin tí méjèèjì bá tóbi bákan náà, ó dára, ó lágbára, àmọ́ ara irin ìbọn tí wọ́n ń ki ọta sí nìkan ni wọ́n sábà ń fi ṣe, bárẹ́ẹ̀lì irin náà ló ṣì máa ń jẹ́, torí náà ohun tó ń kúrò lápapọ̀ ò pọ̀ tó bí orúkọ ẹ̀ ṣe ń dún.

Owó míì tẹ́ ẹ máa fi èjìká san

Bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ sí ló ṣe ń gbá èjìká sí. Ẹ mú .30-06 tí orí ọta tó ń fò jáde ẹ̀ jẹ́ 180 gíréènì, ìyẹn bíi gíráàmù 12: nínú ìbọn tó jẹ́ kìló mẹ́rin pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀, agbára tó fi ń gbá yín jẹ́ nǹkan bíi júùlù 24 (júùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára). Nínú kìló mẹ́ta, ó di 32. Nínú kìló 2.5, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 39. Ẹni tí ìbọn ń gbá báyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í dijú kó tó fa tírígà, ara á máa fò ṣáájú ọta, ẹran á sì fara gbọgbẹ́ lọ, èyí tí kò yẹ kí ọdẹ gidi jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fúyẹ́ gan-an, ọta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ọta 6.5 Creedmoor tí ilé iṣẹ́ Hornady gbé jáde lọ́dún 2007, nínú ìbọn kìló mẹ́ta, ń gbá èèyàn ní bíi júùlù 19, ìyẹn ò tó ti .30-06 tó wà nínú kìló mẹ́rin. Ọta .243 tún rọra jù ú lọ.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ de irin tó ń dín gbígbá kù mọ́ ẹnu ìbọn. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó tún dá gíráàmù padà síwájú, ariwo ẹ̀ sì burú fún etí yín àti fún ẹni tó dúró tì yín, ẹ má yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láì bo etí láé.

Ibi tí mo máa dúró

Tẹ́ ẹ bá bi mí, kìló 3.2 sí 3.5 pẹ̀lú sikóòpù, okùn àti ọta nínú ẹ̀ ti tó fún ọ̀pọ̀ ọdẹ. Lójú tèmi, gíráàmù tó bá ti ju dọ́là méjì lọ, ẹ fi sílẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé orí òkè gíga lẹ ń ṣọdẹ lọ́dọọdún, tẹ́ ẹ ń fẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ púpọ̀ tẹ́ ẹ sì ń gbé àgọ́ dání. Ẹni tó ń jókòó síbì kan dúró de ẹran, kí ló fẹ́ fi kìló 2.2 ṣe? Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra ọta kẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́, torí ìbọn fífúyẹ́ máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ ju èyí tó wúwo lọ, èémí àti ìlù ọkàn á máa mì í.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ gbé e lọ síbi ìyìnbọn, bárẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín tètè máa ń gbóná, ẹ yin mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó yin òmíràn. Ọta àkọ́kọ́ tó bá jáde nínú bárẹ́ẹ̀lì tútù ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìdíwọ̀n, torí òun lẹ máa yìn lu ẹran. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò lórí tábìlì, ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ yìn ín bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé iwájú ẹ̀ ń fò káàkiri tí kò dúró, ẹ wá nǹkan kékeré tó wúwo tó gíráàmù 100 fi sábẹ́ iwájú igi ìbọn, kẹ́ ẹ tún un yìn. Tí ọta bá wá ń lọ síbì kan náà, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ yọ ọta mẹ́rin kúrò nínú báàgì dípò ẹ̀.